Ẹ̀wù Afọnfèrè

Ìró tí Aránṣọ gbọ́ láti inú ìsọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá ju òkúta wẹ́wẹ́ lu ògiri. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tẹ́tí sílẹ̀. Yàrá iwájú ilé, èyí tó dojú kọ òpópónà, ló sọ di ìsọ̀. Pálọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn kan ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí ohùn bàbá ọkọ rẹ̀ fi gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé.

"Ìyàwó! Jọ̀ọ́, wá bá mi wá nǹkan nílẹ̀ yìí."

Nígbà tó wọ pálọ̀, bàbá náà dúró gbọnyin láàárín ilé, nínú ẹ̀wù ológun tó ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó fa ikùn wọlé débi pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bọ́tìnì tó yẹ kó wà lórí ìdodo rẹ̀ ti já, ó ti fò lọ lu ògiri, ó sì ti yí wọ abẹ́ àga.

"Aṣọ yìí ti sún kì," ni bàbá wí.

"Bàbá, aṣọ kì í sún kì nínú àpótí."

"Ti àwa ológun máa ń sún kì. Ìwọ ò lè mọ̀."

Aránṣọ yára kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, kí bàbá má baà rí ẹ̀rín tó ń pa á.

Sájẹ́ntì ni tọmọdé tàgbà ládùúgbò ń pe bàbá náà. Ó ti fẹ̀yìn tì kó tó di pé Aránṣọ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nàró ṣánṣán, ibùsùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé eèrà ò lè rí ibi sá pamọ́ sí lórí rẹ̀, tó bá sì fẹ́ kí èèyàn bá òun ṣí fèrèsé, bí ẹni ń pàṣẹ fún odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló máa ń sọ ọ́. Ikùn rẹ̀ nìkan ni kò gba àṣẹ mọ́.

Òun àti Aránṣọ nìkan ló kù nínú ilé. Ọkọ Aránṣọ, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí, ti tọ ipa ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Òun náà di ológun, ó sì wà lẹ́nu bodè pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí ìjà ò tíì rọlẹ̀. Ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Tí ẹ̀rù bá ń ba Aránṣọ, á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á máa rán ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó rán. Tí ẹ̀rù bá ń ba Sájẹ́ntì, á mú àkísà, á máa nu fèrèsé tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Oníkálùkù mọ̀dí ohun tí ẹnì kejì ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹnu kàn án. Ọ̀sán ni ọmọ náà máa ń pè sórí fóònù, lọ́jọ́ tó bá ráyè pè. Nítorí náà, lọ́sàn-án gbogbo, Sájẹ́ntì á gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ wá sí ìsọ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló bá ojú òun mu. Ojú ewé kan náà ló máa ń kà títí oòrùn á fi wọ̀.

Kí ló wá gbé ẹ̀wù jáde nínú àpótí? Lọ́dọọdún ni àwọn aláṣẹ ìlú máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Wọ́n á kó wọn jókòó sórí àga oníke, àwọn tí ò gbé ohun tó wúwo ju gègé lọ rí á wá máa sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà títí ìdí á fi máa ro àwọn arúgbó. Ó ti pẹ́ tí Sájẹ́ntì ti pa ibẹ̀ tì. Lọ́dún yìí, òun fúnra rẹ̀ ló gbéra lọ bá wọn ní ọ́fíìsì.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ń rántí wa," ló sọ fún wọn. "Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má bá wa sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ wa rìn láti pápá ilé ìwé dé gbàgede ìlú. Ẹ̀yin ẹ kàn jáde wá wò wá."

Nígbà tí Aránṣọ bi í léèrè ohun tó yí i lọ́kàn padà, ó kọjú sí òpópónà.

"Tí wọ́n bá rí àwa tó lọ tó bọ̀," ó ní, "bóyá wọ́n á rántí àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. 

Aránṣọ mú téèpù, ó ní kí bàbá na apá méjèèjì.

"Bàbá, ẹ mí síta."

"Mo ti mí síta."

"Ẹ ò mí síta. Etí yín ti ń pọ́n."

Sájẹ́ntì jánu títí, nígbẹ̀yìn ó tú èémí náà sílẹ̀, ikùn rẹ̀ sì jáde wẹ́rẹ́ bí àlejò tó ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aránṣọ wọ̀n ọ́n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. 

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló jókòó tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù náà. Aṣọ náà ti ṣá níta, oòrùn àti òjò ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inú ibi tí wọ́n ká pọ̀ sábẹ́ rírán ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé lẹ́yìn òjò. Ó fi àtàǹpàkò ra á lọ ra á bọ̀. Bí ẹni pé ó ṣèèṣì rí bàbá náà nígbà tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ rẹ̀ ló rí lára rẹ̀. Ó tú gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kò tó. Ó wá àṣẹ́kù aṣọ tó jọ ọ́, ó fi há abẹ́ apá méjèèjì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i àfi tí Sájẹ́ntì bá fò sókè. Sájẹ́ntì ò sì ní fò sókè.

Bàbá tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ pé wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù òun náà ló tún lọ fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó ọmọ òun lè sọ àpò sìmẹ́ńtì di aṣọ ọba. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, oníkálùkù pẹ̀lú ẹ̀wù tirẹ̀ nínú ọ̀rá.

Gògòrò ni wọ́n ń pe ọ̀kan. Nígbà ayé ogun wọn, òun ló ga jù láàárín gbogbo wọn, kò sí ilé tó wọ̀ tí kò kọ́kọ́ tẹrí ba. Ọjọ́ orí ti wá ká a bí aṣọ, sòkòtò rẹ̀ sì ń gbálẹ̀. Awakọ̀ ni èkejì, nítorí pé òun ló máa ń wa ọkọ̀ ẹrù wọn. Ohun abúgbàù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà ló gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láti orúnkún sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló fi ń rìn.

"Sòkòtò yìí ti gùn jù fún yín, Bàbá," ni Aránṣọ sọ fún Gògòrò.

"Ilẹ̀ ló ń fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀," ni Awakọ̀ fèsì fún un, "kí ibi tó máa bọ́ sí má baà jìnnà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ."

"Ìwọ tó ti fi ẹsẹ̀ kan ṣe àsansílẹ̀ ńkọ́?" ni Gògòrò wí.

Àwọn àti Sájẹ́ntì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Aránṣọ ò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í bi èèyàn kó tó mú un. Nígbà tó gba ara rẹ̀ padà, ó gé sòkòtò Gògòrò kúrú. Ti Awakọ̀ gba ìrònú díẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà ò ṣeé tì bọ inú sòkòtò àfi tí ẹlòmíì bá bá a fà á. Aránṣọ la ẹ̀gbẹ́ inú sòkòtò náà láti ìsàlẹ̀ dé itan, ó rán sípù sí i. Nígbà tí Awakọ̀ fà á wálẹ̀, tó tún fà á sókè, ó wo ẹsẹ̀ náà.

"Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti gé," ó ní, "ìyàwó mi ló máa ń bá mi fà á. Ó máa rò pé mo ti ní obìnrin míì."

Ìròyìn tàn ládùúgbò. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì sọdá wá, ó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wá gẹrun lọ́dọ̀ òun láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti pé ẹni tó bá fẹ́ san nǹkan kan, òun á fá orí rẹ̀ kodoro. Bàbá aránbàtà gba gbogbo bàtà wọn lọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìsọ̀ Aránṣọ wá di bárékè. Àwọn arúgbó ń bára wọn jiyàn lórí ẹni tó sùn nídìí iṣẹ́ ìṣọ́ lọ́dún àìmọye sẹ́yìn, Sájẹ́ntì ń bá wọn wí, áyọ́ọ̀nù ń hó, inú Aránṣọ sì ń dùn, torí pé ilé tí ariwo bá wà kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ bí fóònù ṣe dákẹ́ tó.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn nígbà tí obìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, ó sì di àpò ìrọ̀rí kan mọ́ àyà. Àwọn ọkùnrin náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó Afọnfèrè ni. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń fọn fèrè fún wọn lójú ogun; ọdún tó kọjá ni àìsàn mú un lọ.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó," ni obìnrin náà wí. Ó fa ẹ̀wù kan yọ nínú àpò ìrọ̀rí, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì Aránṣọ. "Ìyàwó, ẹ̀wù ọkọ mi rèé. Mo fẹ́ kó o gé e kó bá mi mu. Mo fẹ́ bá wọn rìn."

Kó tó di pé Aránṣọ la ẹnu, Sájẹ́ntì ti dáhùn.

"Rárá o. Ẹni tó bá búra nìkan ló ń wọ ẹ̀wù yẹn. Òfin ni."

Obìnrin náà yíjú sí i. Kò pariwo.

"Òfin lẹ̀ ń kà fún mi, Sájẹ́ntì? Ogun tẹ́ ẹ jọ jà ní ọjọ́ tó parí. Ẹ kó ẹrù yín, ẹ wálé. Èyí tó gbé wálé wá bá mi ńkọ́, ta ló bá a jà á? Tó bá ta gìrì lójú oorun, tó ń pe orúkọ àwọn tó ti kú, èmi ni mo máa ń dì í mú. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, tó bá wó lulẹ̀, èmi ni mo máa ń dọ̀bálẹ̀ tì í títí àyà rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò búra. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá búra."

 Gògòrò ń wo ilẹ̀.  Sájẹ́ntì yí padà, ó wọ pálọ̀ lọ, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún.

"Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ," ni obìnrin náà sọ fún Aránṣọ.  "Tó bá ṣeé ṣe, kó ṣeé ṣe. Tí kò bá ṣeé ṣe, bá mi dá a padà."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Aránṣọ gbé ẹ̀wù náà kọ́ sára ògiri. Ó rí i pé inú kọ́là rẹ̀ ti họ níbi tí ọrùn èèyàn ti ń fara kàn án. Ẹ̀wù ọkọ tirẹ̀ kan wà nínú yàrá wọn tí kò tíì fọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ náà ti lọ. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Inú bí i sí bàbá ọkọ rẹ̀ débi pé nígbà tó gbé oúnjẹ fún un, ó ṣí àwo, ó ní "Oúnjẹ rèé, sà," ó sì lọ. Kò pe bàbá náà ní "sà" rí láyé. Sájẹ́ntì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó jẹun díẹ̀, ó wá àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù dún. Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ kó tó gbé e. Ó jẹ́ kí ohùn ọkọ rẹ̀ jáde síta, nítorí pé bàbá ti wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Ọkọ rẹ̀ bèèrè ara rẹ̀, ó bèèrè ìsọ̀, ó bèèrè bóyá ológìnní ilé kejì ti bímọ. Ó ní kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé. Aránṣọ rò ó fún un, láti orí bọ́tìnì tó fò dórí ẹ̀wù tó wà lára ògiri.

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi ti bọ́tìnì. Nígbà tó gbọ́ ìyókù, ẹ̀rín náà tán lóhùn rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ tèmi ńkọ́?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé ìwọ náà á fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Olówó orí mi, má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Mò ń bi ọ́ ni."

Aránṣọ di fóònù mú gírígírí. "Màá wọ̀ ọ́," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ ní gé e. Màá ká ọwọ́ rẹ̀ sókè, màá máa wọ̀ ọ́ kiri, kí gbogbo ayé sọ pé orí mi ti dàrú."

Omijé ti ń bọ́ sórí aṣọ oníbàárà. Ìwé ìròyìn tó wà ní kọ̀rọ̀ ò mì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bèèrè fóònù.

"Ṣé bàtà rẹ ò jo omi?" ni Sájẹ́ntì bi ọmọ rẹ̀.

"Kò jo, Bàbá."

"Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ó dáa."

Ó dá fóònù padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kò ní nǹkan sọ. Aránṣọ mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé bàbá náà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí wọ́n dágbére fún ọmọ náà tán, Sájẹ́ntì ká ìwé ìròyìn, ó fi í sórí eékún.

"Ìyàwó, ṣó o mọ bí kùrukùru ṣe máa ń rí lórí òkè? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tú wa ká sínú rẹ̀. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mi ò mọ ibi tí àwọn tiwa wà, mi ò sì mọ ibi tí ọ̀tá wà. Gògòrò wà níbìkan, Awakọ̀ wà níbìkan, oníkálùkù ń rá pálá. Ìgbà náà la gbọ́ fèrè. Ọkùnrin yẹn dúró sójú kan, ó ń fọn ún. Ọ̀tá náà ń gbọ́ o. Ibi tí ìró ti ń wá ni wọ́n ń yìnbọn sí. Kò dákẹ́. Ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọ inú fèrè, ohùn fèrè wá há bí ti ẹni tí òtútù mú, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ìró yẹn ni mo tẹ̀ lé. Gbogbo wa pátá. Bí kò bá sí fèrè yẹn, mi ò bí ọkọ rẹ."

Aránṣọ fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wá dé, Bàbá, tẹ́ ẹ fi kọ̀ fún ìyàwó rẹ̀?"

"Kì í ṣe tòfin," ni bàbá náà wí. "Ẹ̀yìn òfin ni mo sá sí. Ọwọ́ òsì mi ló máa ń wà tá a bá ń rìn. Tí mo bá yíjú, tí mo rí ẹ̀wù yẹn, tí ojú tó wà lókè kọ́là kì í ṣe ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi mọ́. Màá wó lulẹ̀ níwájú gbogbo ìlú."

"Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún ìyá náà nìyẹn. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an."

Sájẹ́ntì dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀. "Ìwọ náà á bá mi lọ," ó ní. "Mo ti rí ogun, ṣùgbọ́n mi ò lè dá kojú obìnrin yẹn."

Ilé obìnrin náà kò jìnnà, ilé kékeré kan tó mọ́ tónítóní lẹ́yìn ilé ìwé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fi Sájẹ́ntì sílẹ̀ lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá tọrọ omi. Sájẹ́ntì ṣí fìlà, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi nǹkan kan pamọ́. Níbi tó ti dé ọ̀rọ̀ wíwó lulẹ̀, ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àná, a ì bá má ti bára wa fa nǹkan kan. Èmi náà, kì í ṣe wíwọ̀ ló ń ṣe mí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí àyè rẹ̀ ṣófo, kí wọ́n máa wò ó bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò dúró níbẹ̀ rí."

"Kò ní ṣófo," ni Sájẹ́ntì dáhùn. "Ẹ gbé ẹ̀wù náà lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì dúró lọ́wọ́ òsì mi."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ín o."

"Màá kọ́ yín."

Bó ṣe di pé wọ́n jáde sí àgbàlá nìyẹn, Aránṣọ sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wòran. Sájẹ́ntì dojú kọ obìnrin náà, ó na ara, ó pàṣẹ.

"Òsì! Ọ̀tún! Òsì! Òsì ni mo wí!"

"Òsì mi rèé!"

"Ọ̀tún nìyẹn!"

"Ẹ̀yin lẹ kọjú sí mi! Ẹ yí padà ẹ wò ó bóyá òsì kọ́!"

Sájẹ́ntì tó ti kọ́ àìmọye ọ̀dọ́mọkùnrin ní ìrìn ológun bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tún wo ti obìnrin náà. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń kọ́ ọ títí ọjọ́ ìrìn náà fi ku ọ̀la. Kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń rìn bí ẹni tó ń sáré bá ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra.

Aránṣọ náà ò gé ẹ̀wù Afọnfèrè. Ó rán inú rẹ̀ tó ti ya, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ tún inú kọ́là rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọrùn tó máa kàn án mọ́, ó wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Lọ́jọ́ ìrìn náà, òjò fẹ́ rọ̀, ó tún yí ọkàn padà. Aránṣọ ò lọ dúró sójú kan bí àwọn yòókù. Ẹ̀gbẹ́ títì ló ń bá wọn rìn lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ti ki òwú bọ, tó gún mọ́ àyà ẹ̀wù rẹ̀, nítorí pé kò fọkàn tán ikùn bàbá. Ó rò pé èèyàn díẹ̀ ló máa jáde. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ ti pa ìsọ̀ dé, ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì yọ láti ojú fèrèsé ilé ìwòsàn. Àwọn olùkọ́ ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé jáde. Àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn wà lẹ́nu bodè, tí Aránṣọ máa ń rí lójú ọ̀nà tí wọ́n kàn ń kí ara wọn, tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀pọ̀ wọn gbé ọmọ dání. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àsọyé kankan. Ìró bàtà nìkan ló ń dún.

Sájẹ́ntì ló ṣíwájú. Gògòrò tó ti tẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ti gbé orí sókè, ìlà ọrùn rẹ̀ yọ. Aránṣọ rí i pé sòkòtò tí òun gé ti kúrú fún un díẹ̀. Awakọ̀ ń rìn láìgbọ́pàá. Lọ́wọ́ òsì Sájẹ́ntì, ìyàwó Afọnfèrè gbé ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ lé apá méjèèjì, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí gbogbo wọn bá gbé òsì, ọ̀tún ni tirẹ̀. Ó mọ̀. Ojú ti ń tì í, ó ń gbìyànjú láti tò ó, ó sì tún ń dà á rú sí i. Àwọn kan lẹ́bàá ọ̀nà ti ń rí i.

Sájẹ́ntì ò yíjú. Ṣùgbọ́n Aránṣọ, tó ń wo ẹsẹ̀ wọn, rí i tó ta ẹsẹ̀ kan fẹ́ẹ́, tó pa ìrìn tirẹ̀ dà, tó bọ́ sórí ìrìn obìnrin náà. Sájẹ́ntì, tí wọ́n ní ó bá odindi ẹgbẹ́ wí nígbà kan torí ẹsẹ̀ ẹnì kan! Gògòrò rí i, òun náà pa tirẹ̀ dà. Awakọ̀ tẹ̀ lé e. Ó lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ láti orí ìlà kan dé òmíràn, títí gbogbo àwọn arúgbó náà fi ń gbé ẹsẹ̀ tí ìyàwó Afọnfèrè ń gbé. Kò sí ẹni tó ṣì í mọ́. Obìnrin náà gbọ́ bí bàtà gbogbo wọn ṣe ń dún pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ kò tiẹ̀ nù ún, nítorí pé ẹ̀wù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, lákọ̀ọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo òpópónà. Aránṣọ ò lè pàtẹ́wọ́. Ó ti fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹsẹ̀ Sájẹ́ntì ti wú. Aránṣọ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, ó da iyọ̀ sí i, ó bá a bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Bàbá ò jẹ́ kó dìde.

"Ìyàwó," ó ní, "gbogbo ìlú ló dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lónìí. Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Kí ni mo ṣe, Bàbá? Abẹ́rẹ́ àti òwú náà ni."

"Ò ń dúró dè é," ni Sájẹ́ntì wí. "Mo ti ṣe méjèèjì. Mo ti lọ sójú ogun, mo sì ń dúró de ẹni tó lọ. Lílọ rọrùn jù. O ṣeun, ọmọ mi."

Aránṣọ bojú wolẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀ náà.

Láti ìgbà náà, ìyàwó Afọnfèrè máa ń wá sí ìsọ̀ lọ́sàn-án. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú bọ́tìnì ju Aránṣọ lọ, kò sì fi bò. Méjì nínú àwọn ìyàwó tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ náà ti ń yà wá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n jọ ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́nu bodè, nítorí pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjì yẹn ò tíì dé, Aránṣọ bèèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀.

"Màmá, tí ọkọ mi bá dé, kí ni kí n ṣe?"

Obìnrin náà já òwú pẹ̀lú eyín.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má bi í ní nǹkan kan. Fún un lómi wẹ̀, fún un lóúnjẹ, jẹ́ kó sùn. Tó bá jí, má fọwọ́ kàn án lójijì. Dúró síbi tó ti máa rí ọ, kó o pe orúkọ rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ. Tí kò bá fẹ́, jókòó tì í."

"Ká kàn jókòó?"

"Ká kàn jókòó," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n mú nǹkan rírán dání o, torí pé ó lè pẹ́."

Láti inú pálọ̀, ohùn Sájẹ́ntì ta sí wọn. "Kó o sì jẹ́ kí n kọ́kọ́ dì mọ́ ọn ná! Èmi ni bàbá rẹ̀!"

"Ẹ tò sẹ́yìn, Sájẹ́ntì," ni ìyàwó Afọnfèrè dá a lóhùn, àwọn obìnrin méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.